Apárí Oníháńdíráyà

Apárí ni mí. Ó ti pẹ́ tí irun ti fi orí mi sílẹ̀ lọ, àtàrí mi sì ń dán débi pé àwọn ìbejì mi máa ń ní kí n tẹ orí ba kí wọ́n fi wo ojú. Síbẹ̀, ní gbogbo àdúgbò wa ní Kamazou, kò sí ẹni tó lo háńdíráyà tó mi. Ìyàwó mi tó ń fi jẹun gan-an ò lò ó tó mi. Òun ń fi í fẹ́ irun oníbàárà, èmi ń fi í fẹ́ gbogbo ohun yòókù láyé.

Ẹni tí kò bá gbé Kaduna rí lè rò pé nítorí a wà ní òkè Ọya, ilẹ̀ gbígbẹ la wà. Òótọ́ ni lásìkò ọyẹ́. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, bí o bá sá aṣọ ìnura, kí o tó jẹ tùwó tán, ó ti le gbagidi. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, eruku á wọ inú àpótí tí o tì ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá wò wá láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án. Òjò á bẹ̀rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, á ṣe ẹ̀tàn pé òun ti dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa á gun bàtà, á gun ṣòkòtò, á gun ògiri. Aṣọ iléèwé tí a fọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ á ṣì máa tutù lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìgbà tó bá sì fẹ́ gbẹ, ó ti ń rùn. Bàbá mi ló kó wa wá síbí nígbà tí ilé-ìfọpo tó wà nítòsí wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Èmi náà ti dàgbà síbí, mo ti bí ìbejì síbí, òjò ò tíì gbà pé ọmọ onílé ni wá.

Ìyá Ìbejì ń dirun nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó tó wà níwájú ilé. Ọjà Sheikh Gumi ló ti ra háńdíráyà náà, ó sì ná an títí ọlọ́jà fi ń rẹ́rìn-ín. Wáàtì 1800 ni wọ́n kọ sí i lára. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, wáyà tó ń pọ́n wà nínú, ẹnu rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ẹ fi asẹ́ ẹ̀yìn yẹn sọ́kàn o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ Kẹ́hìndé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, ìyá wọn ṣì ń sùn, ìbọ̀sẹ̀ funfun kan ṣoṣo tó mọ́ nílé ń kán tótó. Iná wà, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ náà sí ẹnu ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnì. Ìbọ̀sẹ̀ wú, ó nà, ó gbé ọmọ ìka sókè bí ẹsẹ̀ ẹnìkan tó ń rìn láfẹ́fẹ́. Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín títí Táyé fi da ẹ̀kọ nù. Kó tó di pé bọ́ọ̀sì iléèwé dé, ọ̀kan ti gbẹ. Ti ẹsẹ̀ kejì la dé tí ẹ̀rọ náà fi pa ara rẹ̀. Ó hàn pé ó ní làákàyè ju ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ: nígbà tí afẹ́fẹ́ ò rójú ọ̀nà jáde, tí ooru kó jọ sínú, nǹkan kékeré kan tó ń ṣọ́ ooru nínú rẹ̀ gé iná. Ó tutù tán, ó tún jí. Kẹ́hìndé fi ẹsẹ̀ kan gbígbẹ àti ẹsẹ̀ kan tútù lọ síléèwé, èmi sì fi ìgbéraga lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá rí, mo ń wá ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Bébà iye owó tó lẹ̀ mọ́ ìdí àwo tí wọ́n rà ní Sabon Tasha, èyí tí èèyàn á fi èékánná ha títí tí kò ní tán, mo fẹ́ ooru sí i, gọ́ọ̀mù rọ̀, mo ṣí i kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ìda àbẹ́là tó dà sí aṣọ orí tábìlì lálẹ́ tí wọ́n mú iná, mo fi tíṣù tẹ́ ẹ lókè àti nísàlẹ̀, mo fẹ́ ẹ, ìda yọ́, tíṣù mu ún. Méjèèjì yìí ò burú, ẹ lè dán an wò nílé yín.

Iṣẹ́ tó sọ mí di olókìkí ni ti fìríìjì ìyá onílé. Rọ́bà tó yí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ká ti wọ́, ìlẹ̀kùn ò pa dé mọ́, okùn ni Màmá fi ń dì í. Mo yọ wáyà fìríìjì kúrò lára iná, mo fẹ́ ooru díẹ̀díẹ̀ sí rọ́bà náà, bó ṣe ń rọ̀ ni mo ń fi ìka fà á bọ̀ sípò. Mo ní ká pa ìlẹ̀kùn dé títí yóò fi tutù. Lọ́jọ́ kejì, ìlẹ̀kùn mọ́ pàù! "Sannu da aiki, Baban 'Yan Biyu," Màmá ń kí mi kú iṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga. Ìyìn yẹn wọ orí mi tààrà. Kò sí irun tó máa dá a dúró.

Mo wá di olùkọ́. Ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayálégbé bá jókòó síta, tí ọkùnrin Kaje tó ń gbé yàrá ìkángun bá gbé rédíò rẹ̀ jáde, mo máa ń ní kó yí i wálẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀ dráyà. Mo sọ fún wọn pé ní nǹkan bí 1890, ará Faransé kan, Alexandre Godefroy, tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin, so páìpù mọ́ sítóòfù gáàsì, ó fi akoto bo orí oníbàárà, ooru ń gba inú páìpù lọ bá irun. Mo sọ pé kí èyí tí a ń fọwọ́ mú tó jáde ní nǹkan bí 1920, àwọn kan máa ń so rọ́bà mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde, wọn á fi fẹ́ irun wọn. Àwọn tọwọ́ ìgbà náà gan-an, agbára wọn ò ju ti gílóòbù 100 wáàtì àtijọ́ lọ. Mo wá bi wọ́n pé: bí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ bá lè mú irun gbẹ, kí ni dráyà ò lè ṣe? Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo rò pé ẹnu yà wọ́n ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ń dúró kí n ṣe tán kí wọ́n lè gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ mítà náà wà níbẹ̀. Mítà kan ni gbogbo ilé ń lò, ìdáwó la fi ń ra káàdì. Wáàtì 1800 fún wákàtí kan, yúníìtì méjì ku díẹ̀ ni; iye yẹn tó gílóòbù 9 wáàtì lò fún wákàtí 200. Káàdì tó yẹ kó tó ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n pe ìpàdé. Olúkálukú búra pé òun ò fi iná se oúnjẹ. Èmi náà búra, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí mo ń búra, nítorí ta ló ń fi dráyà se oúnjẹ? Ìbúra yẹn ò tíì tutù tí àgbàdo fi dé.

Àgbàdo tútù, èédú tútù. Òjò ti wọ inú àpò èédú, abẹ̀bẹ̀ ti ya, ìyá wọn lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ebi sì ń pa àwọn ìbejì. Mo fa wáyà gba ojú fèrèsé, mo kọ ẹnu ẹ̀rọ sí ìdáná. Èédú tó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pọ́n wẹ́ẹ́rẹ́, ìtapàrà ń fò, hóró àgbàdo ń dún pá-pá. A jẹ àgbàdo yẹn, ó dùn. Ohun tí n ò rò tì ni eérú. Ó gbéra sókè, ó wo ìhín wo ọ̀hún, ó yan gèlè funfun tí Màmá sá sórí okùn láti wé lọ sí ìpàdé zumunta mata, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, lọ́jọ́ kejì. "Kai! Baban 'Yan Biyu!" Lọ́jọ́ yìí kò sí "sannu" níbẹ̀. Eérú yòókù gba asẹ́ ẹ̀yìn wọ inú ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀lùbọ́ tí òjò kàn, tí mo ti fi í fẹ́ níjọ́ kan kí ẹ̀lùbọ́ náà tó fò bò mí lójú, ti ṣáájú eérú débẹ̀. Mo fi àkísà nu ara ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, mo dá a padà sórí ìkọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, n ò wò ó.

Àfi bó ṣe di Sátidé. Ìyá Ìbejì ń lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Narayi. Wíìgì oníbàárà kan wà lórí fóòmù olórí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọ̀ ọ́, omi ṣì wà lára rẹ̀, obìnrin náà á wá gbà á nírọ̀lẹ́ fún ìgbéyàwó. Ìyàwó mi ti gbé ẹsẹ̀ kan síta kó tó yíjú padà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan wíìgì yẹn o. Ẹ jẹ́ kó dá gbẹ."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo wo wíìgì, ó ń kán. Mo wo dráyà. Mo rò ó síwá sẹ́yìn: ohun tí wọ́n torí irun ṣe rèé, irun rèé. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti gbé fún un, èyí nìkan ló bá òfin mu. Mo tan án. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò lágbára mọ́, ó kàn ń mí fẹ́ẹ́. Mo wá sún mọ́ wíìgì dáadáa, mo fẹnu ẹ̀rọ kàn án pẹ́kípẹ́kí, mo ń fi ọwọ́ kejì tú irun náà bí mo ṣe ń rí i tí ìyá wọn ń ṣe.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé, òórùn ọ̀rá tí iná kàn. Lẹ́yìn náà ni ṣóńṣó irun náà ká kò, ó sún kì, ó di kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó le lábẹ́ ìka. Mo ní kí n gbé ẹnu ẹ̀rọ kúrò, ìdá kan irun ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń bá mi bọ̀. Irun orí èèyàn lè fara da ooru díẹ̀. Irun oníke bíi ti wíìgì yìí ò lè fara dà á. Eérú àti ẹ̀lùbọ́ ti dí asẹ́, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa kó ooru lọ ò wọlé, wáyà inú sì ń pọ́n lọ ní tiẹ̀. Nǹkan tó ń gé iná ọjọ́sí gé e lóòótọ́, àmọ́ wíìgì ti ṣáájú rẹ̀ kú.

Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo gé kókó ọ̀tún, òsì wá gùn jù. Mo gé òsì, iwájú wá dà bíi pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí ni wọ́n dárúkọ, wọn ò mẹ́nu ba wíìgì, òun ni mo di mú.

Ìyá Ìbejì dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́wọ́. Ó wo fóòmù. Ó wò mí. Kò pariwo.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ó ní, "kí ni irun tilẹ̀ fi ṣe yín?"

Inú òjò yẹn náà ni mo gba Sabon Tasha lọ. Ọmọkùnrin Ibo tó ń ta irun bi mí pé irú èwo, mo fi òkú wíìgì hàn án nínú ọ̀rá, ó bojú wò ó, ó ní, "Oga, sorry." Ó rí èyí tó jọ ọ́. Ó bi mí bí orí ẹni tó ni ín ṣe tóbi tó, mo ní ó máa tó orí mi. Kí n tó mọ̀, ó ti gbé e dé mi lórí, ó gbé dígí síwájú mi, ó ń fi ìyarun tò ó sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó sá òjò wọ abẹ́ búkà rẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń wò. Ìyá kan ní ó yẹ mí. Iye owó tó bọ́ lọ́wọ́ mi, n ò ní sọ ọ́, àwọn ìbejì ti ń kàwé.

Obìnrin náà dé nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ti pinnu láti sọ òótọ́ fún un, ó ti kúnlẹ̀ tán, ó ti ní "Àǹtí, ẹ má bínú." Àǹtí ti gbé wíìgì dé orí. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. "Ha! Ìyá Ìbejì! Ẹ mà mọ irun fọ̀ o! Ó dà bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á." Ó san owó ìfọ̀, ó kó sínú ọkọ̀ tó ń dúró dè é, ó lọ. Ìyàwó mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá asẹ́ ẹ̀yìn dráyà náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Inú àpótí ló ń sùn báyìí, kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró ìyá wọn. N bá ti sinmi, àfi bí Àǹtí ṣe tún yọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ̀rá ńlá kan lọ́wọ́. Wíìgì àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ni, gbogbo rẹ̀ ti gbó. Ó ní òun ti ròyìn wa fún wọn, kí a jọ̀ọ́ kí a fọ̀ ọ́ fún wọn bíi tòun gẹ́lẹ́, owó ìfọ̀ náà rèé, wọ́n ti san án tán.

Ìyá Ìbejì wò mí. Mo ní ó dà bíi pé ìyá onílé ń pè mí.