Ta Ló Lu Ta l'Ákànràn?

Nínú gbogbo ohun tí akọ̀ròyìn ń gbé bọ̀ láti ìgbèríko Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku nìkan ló dájú. Ìròyìn lè má sí. Owó ọkọ̀ lè má sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Ìyànà Ọ̀fà wọ oko Lágelú lọ́jọ́ ọyẹ́, bó bá délé, ìyá rẹ̀ gan-an yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ni. Èmi ni mo wá lọ gbé eruku kúrò lára aṣọ, tí mo gbé e sórí rédíò.

Nílé tiwa, ekuru là ń pe eruku. Mo fi ìròyìn ránṣẹ́ láti abúlé kan l'Ẹ́gbẹ́dá, níbi tí àwọn típà tó ń kó òkúta kò ti jẹ́ káwọn èèyàn mí. Orí fóònù ni mo ti kọ ọ́, n kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Mo gbà nígbà náà pé ti àwọn olùkọ́ ni àmì ohùn. Ẹni tó kà á, ọmọ Èkìtì, fi ohùn iyì kéde pé èkuru ti bo òrùlé abúlé náà, èkuru ń wọ ojú àwọn ọmọdé, àwọn ará ibẹ̀ sì ń bẹ ìjọba kó gbà wọ́n. Olùgbọ́ kan pè wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká júwe abúlé náà, ẹ̀kọ àti ata díndín ti wà lọ́wọ́ òun.

Ìyẹn kéré. Àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Àkànràn, l'Ọ́nà-Àrà, ṣèpàdé lórí ọ̀nà wọn tí katapílà hú, tí ẹnikẹ́ni kò padà wá tún ṣe. Èlùbọ́ tí àwọn obìnrin sá sẹ́bàá ọ̀nà ti pọ́n bí osùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n pín obì, wọ́n tú ká. Ìròyìn náà kò ta lẹ́nu mi rárá. Ni mo bá fún un lákọlé: "Eruku sọ lálá nípàdé àwọn àgbẹ̀ l'Ákànràn." Eruku wà, ìpàdé wà. Irọ́ dà níbẹ̀?

Orúkọ ìlú ni mo gbójú fò. Àkànràn ni ìlú Táfá Adéoyè, aṣáájú Àgbẹ̀kọ̀yà tó kojú ìjọba lórí owó orí ní 1968 sí 1969. Wọ́n ní àwọn kò ní san ju òkè mẹ́fà lọ, ìyẹn ṣílè 30. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Táfá l'Ákànràn kí ọ̀rọ̀ tó níyanjú. Ẹni tó bá wá gbọ́ Àkànràn àti eruku tó sọ lálá lẹ́ẹ̀kan náà, èlùbọ́ kọ́ ni yóò sọ sí i lọ́kàn.

Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ tó wà nígboro ti ń pe òbí wọn lóko pé kí wọ́n tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku tí mo fi ṣe àkọlé. Ìyá kan tó ní èlùbọ́ níbẹ̀ wò mí tìtì.

"Akọ̀ròyìn, ta ló lu ta nínú wa?"

"Kò sí o, ìyá. Àkànlò èdè ni."

"Àkànlò èdè ló wà lórí èlùbọ́ mi yìí?"

Mo búra pé eruku lẹ́nu mi yóò máa jẹ́ eruku. Ìyẹn náà tún kó bá mi. Àbúrò kan pè mí láti apá Mọ́níyà: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tètè máa bọ̀, eruku ti ń sọ lálá níbí!" Mo ní kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀, kí wọ́n faṣọ bomú. Mo tiẹ̀ ṣàlàyé fún un pé eruku ọyẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi ìjọba, pé láti Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Ariwo ń ta lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣe bí ọjà ni.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń fi àdá lé àwọn bíríkìlà o!"

Kí n tó wọ bàtà tán, rédíò mìíràn ti ń kà á. Rògbòdìyàn ni wọ́n pè é. Wọn ò dárúkọ eruku rárá.