John Wo Gan-an Ni?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ òkú. Kì í ṣe òkú ilé wa o. Àwọn yẹn kò yọ mí lẹ́nu rí. Òkú ilé àna mi ni mò ń sọ, àwọn tí wọ́n sùn jẹ́ẹ́ sí abúlé kan ní Suffolk, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá ìyàwó mi sì ní àfi kí òun mọ orúkọ gbogbo wọn kí òun tó lọ bá wọn. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ṣé kò yẹ kó rí Sátidé fi sùn? Sátidé gan-an ni àwọn òkú Suffolk máa ń gbàlejò.

Màmá ti ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ àwọn nìyẹn. Èmi kí n la ẹnu pe ìyá ìyàwó mi lórúkọ! Màmá ni mò ń pè wọ́n, òun náà ló sì kó bá mi, torí ẹni tó bá ti pe èèyàn ní màmá kò tún lè sọ pé òun kò ráyè.

Ohun tí Màmá ń wá ni William tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Wọn ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Òyìnbó tó bá bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí yìí, ààfin ló ń rò pé òun máa já sí. Oko la já sí ní tiwa. Nínú ètò ìkànìyàn 1841, "Ag Lab" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ baba ńlá wọn, ìyẹn alágbàṣe oko, tí wọ́n gé kúrú kí ọwọ́ má baà ro akọ̀wé, nítorí wọ́n pọ̀ lọ súà. Àgbẹ̀ ni bàbá tèmi náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló bí mi nínú. Ìjọba ní ẹni tó bá ti ju ọdún 15 lọ, kí wọ́n rẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún. Ẹni 44 di ẹni 40. Àwọn yìí náà ló máa ń fi wá ṣẹ̀sín pé àwọn bàbá wa kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn!

Ìgbà tó di 1 oṣù Keje 1837 ni ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú gbogbo ìlú sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ sẹ́yìn, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ló kù fún un. Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, ló pàṣẹ ní 1538 pé kí àlùfáà máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí alágádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àlùfáà, ìkejì lọ́wọ́ àwọn alámòójútó ìjọ. Àlùfáà tó bá gbàgbé, yóò san ìtanràn sílè mẹ́ta àti pẹ́ńsì mẹ́rin. Ètò ńlá! Àmọ́ eku abúlé wa kò bèèrè kọ́kọ́rọ́. Ojú ìwé tó yẹ kó sọ ẹni tí bàbá John, ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá Màmá, í ṣe, omi òjò ti gba àárín rẹ̀ kọjá, eku sì jẹ ìyókù. Wọ́n ní ká má mikàn, pé láti 1598 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. A lọ bèèrè. Ọdún tiwa nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹ má sì rò pé eku nìkan ló jẹ̀bi. John wo gan-an là ń wá? Ní abúlé yẹn, ọkùnrin tí kò bá jẹ́ John á jẹ́ William, tí kò bá jẹ́ William á jẹ́ Thomas. Àwọn obìnrin ń pín Mary, Elizabeth àti Ann láàárín ara wọn. John bí John. John kékeré kú, wọ́n sin ín. Nígbà tó dàmọ́dún wọ́n bí òmíràn, wọ́n tún sọ ọ́ ní John! Nílé wa, ọmọ tó bá lọ tó tún padà wá, orúkọ tó máa mọ̀ pé a ti dá òun mọ̀ la ó fún un: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé. Èyí tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Bàbá àgbà kú kí wọ́n tó bí i, Babátúndé. Èèyàn gbọ́ orúkọ, ó ti mọ ìdajì ìtàn. Àlùfáà Suffolk kọ "John, ọmọ John," ó pa ìwé dé, ó lọ jẹun. Ìyá ńkọ́? Ìyá kò sí nínú ìwé. Àfi bí ẹni pé John fúnra rẹ̀ ló rọbí. Ìgbà tí àlùfáà máa ń rántí ìyá ni ìgbà tí kò bá sí ọkọ. Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá, á kọ orúkọ obìnrin náà gàdàgbà, á sì fi kún un pé ọmọ àlè lọmọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ akọ̀wé ilé ìkówèépamọ́sí lọ́jọ́ kan, Màmá ì bá daku. A rí tọkọtaya kan tó ṣègbéyàwó ní oṣù Karùn-ún 1710, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn ní oṣù Kejì 1710. Ojú ti Màmá, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ni akọ̀wé bá ṣàlàyé pé kó tó di 1752, 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé wọn, nítorí náà oṣù Kejì ló gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún. Oṣù mẹ́sàn-án géérégé. Màmá mí kanlẹ̀. Èmi náà ì bá mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, torí wọ́n ti gba omi àti àkàrà mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba báírò mi, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù, wọ́n sì mú mi jókòó sídìí ẹ̀rọ kan tí à ń fọwọ́ yí láti wo fọ́tò ìwé. Ìwé gan-an, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyẹn eku nìkan ló láǹfààní.

Ẹjọ́ mi gan-an rèé: wọn kò kọ ìwé yìí nítorí John. Ọba ló fẹ́ mọ̀, bíṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ mọ̀, agbowó-orí ló fẹ́ mọ̀ jù. Láti 1783 dé 1794, tọ́rọ́ ni owó orí ìrìbọmi kan, àfi tí bàbá ọmọ bá jẹ́ òtòṣì. Ẹ ò sì rí i, òtòṣì kò wọ́n nínú ìwé ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn William wa wà lára wọn. Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ìdílé àwọn kò tòṣì dé ibẹ̀ yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọlọ́gbọ́n ni bàbá yẹn. Ẹni tó gbọ́ pé òtòṣì kì í san tọ́rọ́, tó sọ ara rẹ̀ di òtòṣì láàárọ̀ ọjọ́ ìrìbọmi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni."

Òkú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin 1678 ní aṣọ irun àgùntàn nìkan ni kí wọ́n máa fi sin òkú, kí ọjà irun àgùntàn ilẹ̀ wọn lè tà. Ẹni tó bá fi aṣọ míì sin òkú, ìtanràn pọ́n-ùn márùn-ún, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ta ìjọba lólobó. John kan tí a rí, ohun tí àlùfáà rí sọ nípa gbogbo ayé rẹ̀ ni pé irun àgùntàn ni wọ́n fi sin ín. Kò sọ iṣẹ́ tó ṣe, kò sọ iye ọdún tó lò, kò sọ bó ṣe kú. Aṣọ tó wọ̀ lọ la mọ̀.

Nígbà tí Màmá rí i pé ojú mi ti kọ́rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wa àwọn lọ sí Soham ní Cambridgeshire, kí inú èmi náà lè dùn. Níbẹ̀, ní 7 oṣù Kẹrin 1792, ni Olaudah Equiano ti gbé Susannah Cullen níyàwó, ọkùnrin tó bọ́ lóko ẹrú tó sì tẹ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789. Gustavus Vassa, orúkọ tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan fi pè é, ni wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Ṣé o rí i, ìwọ náà lẹ́ni nínú ìwé." Mo ní Màmá, Ígbò ni wọ́n, Yorùbá ni mí. Wọ́n ní ṣé ìyẹn jìnnà síra ni? Mo dákẹ́. Suffolk àti Cambridgeshire pààlà o, ẹ dán an wò kí ẹ pe ará ibí ní ará ọ̀hún.

Ìyàwó mi wá ní kí n yé ráhùn, pé ó kéré tán àwọn ní ìwé. Inú bí mi, mo pe àbúrò bàbá mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù, mo ní "Àǹtí, ẹ ki ìdílé wa fún wọn." Wọ́n kì í títí omi fi dà lójú mi. Ìyàwó mi ní kí n túmọ̀ rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀, ó ní gbogbo wọn lólóyè, gbogbo wọn lẹ́ṣin, gbogbo wọn ń náwó fún ìlù. Ta ló wá ń ro oko? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

Ní báyìí, John méjì ló kù sílẹ̀, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn ní abúlé kan náà, orúkọ bàbá àwọn méjèèjì sì ń jẹ́ John. Màmá ní ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ ìkankan nínú wọn, pé bóyá abúlé kejì ni wọ́n ti bí tiwa, ká lọ wò ó ní Sátidé. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Suffolk àti Norfolk, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí John kan nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí láàárín 1680 sí 1690, ẹ pa ìwé náà dé, ẹ má sọ fún Màmá.