Oníbodè Ìtàn

Ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Ó jókòó sórí àga ike lẹ́nu géètì, ó bọ́ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú sálúbàtà, ó gbé e lé àga kejì, èyí tó yẹ kí àlejò jókòó lé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àlejò bá dé, kò ní gbójú sókè títí fídíò tó ń wò yóò fi parí. Nígbà tó bá sì gbójú sókè, ìkíni kọ́ ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ń wá ta ni?" ni. Bẹ́ẹ̀ àárín àwọn tó ń kí ẹni tó ń jẹun, tó ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀, tó tún ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan, ni wọ́n bí i sí. Lóòótọ́, "Ẹ káàbọ̀" wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó tó wà lójú títì. Pátákó ló ń bá a kí àlejò.

Mo sọ ọ́ ní Oníbodè Ìtàn. Láyé àtijọ́, oníbodè ló máa ń dúró lẹ́nu ibodè ìlú, tí í máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń wọlé, tó ń jáde. Ẹni tó bá ti san owó ibodè tán, ìlú ló kù tí yóò wọ̀. Ti òde òní ti tún iṣẹ́ náà ṣe: ó ń gbowó, ṣùgbọ́n wíwọlé kò sí nínú àdéhùn. Mi ò ní dárúkọ ibi tó wà, nítorí ó wà káàkiri. Ó wà lábẹ́ àpáta, ó wà létí ọ̀sà, ó wà lẹ́nu igbó, ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí fáànù rẹ̀ kò yí mọ́. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ẹnu wọn kò yàtọ̀.

Owó tó ń gbà kò lórí, kò nídìí. Iye tó wà lára pátákó, ti àná ni. Ti òní wà lẹ́nu rẹ̀: ó wo bàtà yín, ó wo ọkọ̀ yín, ó gbọ́ ohùn yín, ó pe iye tó wù ú. Ti ìwọlé lọ́tọ̀, ti kámẹ́rà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ò mú kámẹ́rà wá, á ní ṣé fóònù yín kì í ya fọ́tò ni. Ṣéńjì kò sí. Rìsíìtì ti tán, wọn ò tíì gbé òmíràn wá láti ọ́fíìsì. Gbogbo ìyẹn ṣì ṣe é fojú fò. Èyí tí kò ṣe é fojú fò ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jáde. Ibi gbogbo tí Oníbodè bá wà, ẹni yìí wà níbẹ̀, tàbí ká ní kò sí níbẹ̀. Kò sí àlejò tó fojú kàn án rí. A ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ ìrísí rẹ̀. A kàn mọ̀ pé ó jáde, àti pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sípàdé ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ kò yá. Lọ́jọ́rú, ó lọ sìnkú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ kírun. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sìn méjèèjì ló ń ṣe, bí ilẹ̀kùn kò bá ṣáà ti ní ṣí. Ẹ bèèrè ìgbà tó máa dé, wọ́n á ní, "Ó ti ń bọ̀ lọ́nà." Ọ̀nà yẹn á gùn títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí. Ẹ ní kí Oníbodè pè é, kò sí owó lórí fóònù. Ẹ na fóònù tiyín sí i, kò mọ nọ́ńbà náà sórí. Ẹ bèèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Ó wà! Inú yàrá tí wọ́n tì pa ni wọ́n fi í sí.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà ń gbọ́ ìró owó. Bí ẹgbẹ̀rún náírà kan bá yọ lápò àlejò, ẹni tó jáde á ti dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàdé rẹ̀ lọ́nà. Oníbodè á dìde, á nara, á ti ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, á sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ nígbà náà. Kò ní ṣe háà. Kò ní ní, "Àṣé ọ̀dọ̀ mi ló wà." Irọ́ tó ti ń pa láti òwúrọ̀, kò tilẹ̀ ní fi ìtìjú díẹ̀ sin òkú rẹ̀. Á kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, mi ò ráyè."

Nínú ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn wéréwéré, bí ọmọdé tó ń ké ìsọdipúpọ̀ níwájú tíṣà. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan láàárín, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Á kìlọ̀ pé kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ á sì fara ti ère tó ń sọ ìtàn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn irú àwọn géètì yìí nílẹ̀ wa kò kéré. Àpáta Olúmọ tó jẹ́ ibi ìsádi fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ń bẹ níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní Àgbádárìgì ní 1845 ń bẹ níbẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005, ń bẹ níbẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde; ilẹ̀ kò bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà ti di ti British Museum ní London láti 1939. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ìlú náà lè wọlé lọ wò ó lónìí láìsan kọ́bọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sìnkú. Mi ò yin ẹni tí ohun ìní wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n dá a padà. Àmọ́ bí wọ́n bá dá a padà lọ́la, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún wa ká lè rí i?

Lójú Oníbodè, àlejò ju àlejò lọ. Òyìnbó dé, ó fò dìde, gbogbo eyín yọ síta. Ọlọ́lá gbé jíìpù dé, ó dọ̀bálẹ̀: "Bàbá wa, ọmọ yín rèé o!" Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ti wà nínú bọ́ọ̀sì láti ìdájí, á jágbe mọ́ wọn, á dà wọ́n gba yàrá kan bọ́ sí èkejì kí wọ́n tó ka ohun tó wà lára ògiri. Ìyá àgbà oníró àti bùbá, tó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ń sọ Yorùbá, ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá. "Màmá, kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣé ẹ ò rí òkúta rí ni?" Ìyá tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń bọ òkúta náà kí ìjọba tó gbé géètì síwájú rẹ̀! Ìwà ẹ̀gbin ni, mi ò sì ní pọ́n ọn lé. Ọmọ-ọmọ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ń gbọ́ o. Ẹ̀kọ́ tó máa gbé relé lọ́jọ́ náà ni pé ìtàn yìí kì í ṣe ti irú àwọn.

Bí a bá bá Oníbodè wí, á ní owó oṣù kò tó, kì í sì í tètè wọlé. Òótọ́ ni. Ìjọba tó ń fi hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ṣe àpérò lórí ìrìnàjò afẹ́, tí kò sì lè ra gílóòbù fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, jẹ̀bi ju òun lọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kọ́ ló jẹ ẹ́ lówó oṣù. Bí ọ̀gá tó jẹ ẹ́ gan-an bá dé, ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí i. Mo sì ti rí àwọn kan lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí kan náà, tí wọ́n gbé àga fún àlejò, tí wọ́n bu omi fún un, tí wọ́n sọ ìtàn títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọn kò béèrè kọ́bọ̀ lé e. Owó oṣù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń retí.

Oògùn rẹ̀ kò le. Kí wọ́n kọ iye owó sára ògiri, kí wọ́n já rìsíìtì fún ẹni tó bá san án. Kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí wọ́n fi kọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀kùn títì nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, ọgbà ẹ̀wọ̀n ń gba wọ́dà.