Ọmọ Ọdẹ Se Òjé

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Ṣakabùlà ló ń yìn, ohun tó bá sì wà nítòsí ló ń kì sí i lẹ́nu: òjé, ìṣó tó ti dógùn-ún, irin kẹ̀kẹ́ tó kán. Ìbọn náà kì í bi í ní ìbéèrè. Ìtàn yìí ló gùn mí gàrà nígbà tí ọta wọ́n bí ojú ní Houston ní 2020. Mo ní kí ló dé? Ṣé ọmọ ọdẹ ni yóò máa tò fún ọta? Òjé tí àwọn ọlọ́bàtálá ń fi sọ́wọ́ náà ni, kò le. N óò yọ́ ọ fúnra mi.

Ohun tí n kò rò ni pé ìbọn tèmi kì í ṣe ṣakabùlà. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ni, èyí tí John Browning ṣe, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà ní 1911. Bí o bá ti yìn ín, agbára ọta tó jáde ni yóò ti irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, yóò ju kòròfo nù, irin náà yóò sì padà wá gbé ọta mìíràn láti inú máàgásìnì kí o tó ṣẹ́jú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ṣa oúnjẹ jẹ. Ọta tó bá gùn jù, tàbí tí ẹtù rẹ̀ kéré jù, yóò há a lọ́fun.

Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa ti ń da òjé sí mọ́ọ̀dù láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó ti òun lọ́jọ́ Sátidé, kí n fojú wò ó. Mo ní “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” mo sì lọ sórí YouTube.

Òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn fọganáísà ń gbá mọ́ etí ríìmù ni mo lọ tọrọ, odindi báàkẹ́ẹ̀tì kan. Láyé àtijọ́, òjé ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ní báyìí, púpọ̀ nínú wọn ti di síńkì tàbí irin. California tilẹ̀ ti fòfin de ti òjé láti 2010. Irin kò ní wàhálà, yóò léfòó, o ó bù ú dànù. Síńkì gan-an lọ̀tá. Òjé ń yọ́ bí ooru bá dé 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, síńkì di 419, nítorí náà ẹni tó bá rọra ṣe iná yóò rí síńkì lórí òjé, yóò kó o kúrò. Èmi koná mọ́ ọn, torí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo máa wo inú ìkòkò, ohun tó wà níbẹ̀ ti ṣù bí ògì tí a kò rò délẹ̀.

Mo ní ìkòkò, àbí? N kò tíì sọ ti ta ni. Ìkòkò irin dúdú tí ìyàwó mi fi ń se ìrẹsì àríyá ni.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Mo sọ òjé mìíràn sínú èyí tó ti yọ́, láì mọ̀ pé ìrì ti sẹ̀ sí i lára. Omi tó bá rì sínú òjé yíyọ́ yóò di ooru lójú ẹsẹ̀, ooru náà yóò sì wá ọ̀nà jáde tipátipá. Gbòà! Òjé fọ́n dé àjà gáréèjì, ó bọ́ sórí mọ́tò, ó jó bàtà mi. Ọpẹ́lọpẹ́ awò ojú àti ìbọ̀wọ́ aláwọ.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá Tóbi, kí lẹ̀ ń sè?” Lẹ́yìn náà ló bá mi sọ̀rọ̀ Zamfara, níbi tí májèlé òjé ti pa ọmọdé tó lé ní 400 ní 2010, nítorí pé wọ́n ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín ilé. Ó ní kí n bọ́ aṣọ síta, kí n má fọwọ́ kan ọmọ, ó sì fà mí lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. N kò fẹ́ fi ìyẹn ṣàwàdà, ó jàre.

Síbẹ̀, mo ra òjé tó mọ́, mo ra ìkòkò tèmi, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọta tó jáde ń dán débi pé díẹ̀ ló kù kí n fẹnu kò ó, àfi bí mo ṣe rántí nọ́ọ̀sì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, n kò mọ̀. Ọta aláṣọ bàbà ti ìbọn .45 bíi tèmi máa ń fẹ̀ tó .451 íńṣì, ti òjé sábà máa ń jẹ́ .452, kó lè dí ọ̀pá ìbọn pinpin. Bí kò bá dí i, iná ẹtù yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò máa bó òjé lára rẹ̀, òjé náà yóò sì lẹ̀ mọ́ ilà tí wọ́n kọ sínú ọ̀pá. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ìbọn Glock ni mo lò: àwọn tó ń ṣe é ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi òjé tí kò láṣọ sínú rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kó lẹ́yìn lọ sí pápá ìyìnbọn. Mo ti ki bàbá bàbá mi fún wọn nínú mọ́tò tán. Ọta kìíní lọ. Èkejì lọ, ṣùgbọ́n kòròfo rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà, kò jáde: ẹ̀rù ìyàwó mi ló jẹ́ kí n bu ẹtù kín-ún. Èéfín ọ̀rá tí mo fi ra ọta lára bo gbogbo wa. Nígbà tí a sì lọ wo bébà, kò sí ihò kan tó rí róbótó. Ẹ̀gbẹ́ ni ọta mi fi ń wọlé.

Díákónì wa wo bébà náà títí. Ó ní, “Ẹran wo gan-an ni bàbá àgbà yẹn pa, sà?”

Mo gbé ìbọn tọ bàbá òyìnbó lọ. Ó tú u, ó tan iná sí ọ̀pá rẹ̀, ó ní òjé tó wà nínú ibẹ̀ tó rọ ọta mìíràn. Ó ní kí n wá kànrìnkàn bàbà tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, a ó wé e mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, yóò ha òjé náà jáde láì pa irin lára. Mo sáré padà sí ilé ìdáná wa, mo yọ́ mú ti ìyàwó mi. Bàbá fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Ó lẹ̀ gbàgà. Irin ni, wọ́n kàn fi bàbà kùn ún lójú ni.

Ìyàwó mi ti tọ̀ mí wá, ó yọjú lójú fèrèsé. Ó ní kí n dá kànrìnkàn òun padà, kí n sì jókòó ro bí n óò ṣe san owó ìkòkò òun, èmi ọkùnrin aláìgbọràn yìí. Bàbá òyìnbó bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń kí i ni.