Ẹ Gbé Jíìpù Yín Wá sí Ìpatà

Òkè kan wà lẹ́bàá ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria, Schöckl ni wọ́n ń pè é. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,445, òkúta ṣóńṣó àti gbòǹgbò igi ló kún ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gùn ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán jíìpù Mercedes tí gbogbo ayé ń pè ní G-Wagon wò. Èyí tó bá gun òkè náà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ tí egungun rẹ̀ ṣì wà lódidi, ni wọ́n ń kà sí ojúlówó ọmọ. Kódà, wọ́n ń tẹ àmì sí i lára báyìí pé Schöckl ti jẹ́rìí ẹ̀.

A kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ nílùú Ìlọrin níbí, àwa náà ní ibi ìdánwò tiwa, bẹ́ẹ̀ kò ga ju ilẹ̀ lásán lọ. Ìpatà ni. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, ká jọ wò ó.

Ẹni tí kò bá mọ Ìpatà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un. Ọjà ẹran ni, ọjà ata ni, ọjà àlùbọ́sà sì ni, láàárín ìlú àtijọ́ níbi tí ilé gbé fara ti ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa màlúù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á, torí-tẹsẹ̀, tòun ti ṣàkì àti pọ̀nmọ́. Lójú ọ̀nà tó yẹ kí ọkọ̀ méjì ti pàdé kí wọ́n sì kọjá lára wọn, ìyá aláta ti tẹ́ tirẹ̀ sọ́tùn-ún, onítòmátì ti gba òsì, ọlọ́mọlanke ń bọ̀ láàárín, alábàárù gbé ìtan màlúù lérí, ó ń ké "Àgò o!", ọlọ́kadà sì ti rí àyè kan gbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà. Àgbò kan tí wọ́n fẹ́ tà ti jókòó sójú títì, ó ń jẹ èèpo iṣu, kò sì bìkítà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbé G-Wagon wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ tó lè la omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70 kọjá ni. Bọ́tìnnì mẹ́ta wà láàárín iwájú rẹ̀ tí awakọ̀ fi ń so táyà pọ̀, kí ọ̀kan má baà máa yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí ìkejì dúró gbagidi. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, mo kan sáárá sí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dá àgbò dìde. Òkúta Schöckl ń dúró síbi tí wọ́n bá a. Kì í gbé agbọ̀n sórí, kì í pọn ọmọ, kì í sì í bú ìyá awakọ̀. Tí o bá gun òkúta kọjá, wọn á pàtẹ́wọ́ fún ọ. Dán an wò kí o gun agbọ̀n ata rodo ẹyọ kan ní Ìpatà.

Alájì kan wà ládùúgbò wa tó ní ọ̀kan nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ, gbogbo àdúgbò ló ní Alájì tirẹ̀. Dúdú ni ọkọ̀, dúdú ni gíláàsì, ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ awọ tó rọ̀ ju tìmùtìmù lọ. Láti ọjọ́ tó ti rà á, omi tó jìn jù tí ọkọ̀ náà tíì rí ni ti korobá tí ọmọ ilé fi ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Alájì ń gbé e lọ sí Jímọ́ọ̀, ó ń gbé e lọ síbi nìkáà, ó ń gbé e lọ sí wòlímà, ó sì máa ń páàkì rẹ̀ níbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ kò fi ní rí ọkọ̀ mìíràn. Ọmọ rẹ̀ kékeré bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ni bọ́tìnnì mẹ́ta yìí wà fún?" Alájì ní, "Má fọwọ́ kàn án, ó wọ́n."

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ra àgbò, ọmọ tó ta àgbò bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Alájì, ibo ni kí á gbé e sí?" Alájì wo awọ ìjókòó, ó wo ìwo àgbò, ó tún wo awọ ìjókòó. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni àgbò wọ̀ délé, Alájì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú éésì. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dé.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀ o. Ológun àti àgbẹ̀ ni wọ́n torí wọn ṣe é. Daimler-Benz ti Jámánì àti Steyr-Daimler-Puch ti Austria ni wọ́n jọ ṣe é, ọdún 1979 ló sì jáde sọ́jà. Wọ́n ní Shah tó jọba ní Iran ló dá àbá rẹ̀ pé òun nílò ọkọ̀ líle fún àwọn ọmọ ogun òun. Oṣù Kìíní ọdún 1979 ni Shah sá kúrò nílùú, oṣù Kejì ni wọ́n fi ọkọ̀ han aráyé. Ẹni tó ránṣẹ́ pe àlejò kò sí nílé mọ́ nígbà tí àlejò fi dé. Nígbà tó di 1980, wọ́n kọ́ ilé gíláàsì sórí ọ̀kan fún Póòpù John Paul Kejì. Láti ọwọ́ ológun, ó bọ́ sọ́wọ́ àlùfáà àgbà, láti ibẹ̀ ó bọ́ sọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù àti olórin, ó wá dé ọ̀dọ̀ Alájì wa. Steyr yìí kan náà ló ní ilé iṣẹ́ ní Bauchi nígbà kan, tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti katakata pọ̀. Ká ní katakata la tẹra mọ́ ni, iye tí wọ́n ń ta iṣu lónìí ì bá tún yàtọ̀.

Kì í ṣe òní ni Ìlọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun nǹkan gíga. Kí jíìpù tó dé, ẹṣin ni. Ẹni tó bá wo àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Émíà lásìkò ọdún, tó rí bí wọ́n ṣe wọ aṣọ fún ẹṣin ju bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ fún ìyàwó, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin wa gbéra lọ bá Òṣogbo jà. Ẹṣin tó ń fi pápá ṣeré dénú igbó, igbó kò gbà á láyè láti sáré, Ìbàdàn sì dé láti gbèjà Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀, kí àwọn ará Ìbàdàn má baà tún gbé ìlù.

Ṣùgbọ́n owó Alájì ni Alájì ná. Bó bá wù ú, kó ra ọkọ̀ ojú omi kó gbé e ságbàlá. Èyí tó kàn mí ni jíìpù tí wọ́n fi owó tèmi rà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìròyìn gbòde pé àwọn aṣòfin wa l'Ábújá fẹ́ gba jíìpù tuntun. Sẹ́nétọ̀ 109, aṣojú-ṣòfin 360, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 469. Iye tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 160 mílíọ̀nù náírà. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà sígbà náà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí wọ́n sì ní kí a fún àmùrè le. Aráàlú figbe ta. Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi, tó ń ṣojú ìwọ̀-oòrùn Kogi, bọ́ síta láti gbèjà ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn mínísítà ní ju jíìpù mẹ́ta lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ó tún ní ọ̀nà wa kò dára: bí òun bá lọ sílé lẹ́ẹ̀kan, owó kékeré kọ́ ni òun fi ń tún ọkọ̀ ṣe nígbà tí òun bá padà.

Ẹ fetí sí mi dáadáa: n kò bú u. Nínú gbogbo àlàyé tí olóṣèlú ti ṣe fún wa rí, èyí ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ẹni tó bá ti gba Òmù-Àrán lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ rí mọ̀ pé ọkùnrin náà kò parọ́. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni ibi tí òótọ́ náà gbé e lọ. Ọ̀nà bàjẹ́, nítorí náà ẹ ra jíìpù. Orúlé ń jò, nítorí náà ẹ ra agboòrùn fún baálé ilé. Àwọn ọmọ ni kí wọ́n máa wá igun tó gbẹ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí nìyẹn. Kòtò wà lójú títì, ọ̀gá ra ọkọ̀ tó ga, kòtò kò dùn ún mọ́. Nítorí pé kò dùn ún, kò rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìṣúná. Kòtò gba ọdún kan sí i, ó ní òjò mu, ó di odò. Ọ̀gá tún ra ọkọ̀ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kòtò tí kò bá ti gbọn ìdí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó, kò sí kòtò níbẹ̀. Àwọn tó ń ta jíìpù ní Nàìjíríà kò nílò ìpolówó kankan. Ọ̀nà wa ń bá wọn polówó tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ líle ni ìlú wa nílò. Ìrántí wọn kúrú. Pijó 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975 kò ní bọ́tìnnì mẹ́ta, kò ga ju òmíràn lọ, ó sì gbé olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àdìyẹ àti àpò gààrí gba gbogbo ọ̀nà tí jíìpù ń fẹlá gbà lónìí. Leyland náà to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà kan rí. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, àwọn agbófinró igbó àti àwọn tó ń fa wáyà iná ni wọ́n ń lò ó, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e lọ ya fọ́tò.

Ẹ ṣírò ti epo fún mi. Táǹkì G-Wagon ń gba 100 lítà. Tí lítà kan bá jẹ́ 900 náírà, 90,000 náírà ni láti kún un. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Òṣìṣẹ́ tó bá fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ ra epo fún Alájì, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, táǹkì náà kò tíì ní kún. Ọkọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà, iye irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G 63 lé ní 180,000 dọ́là. Tá a bá ní ká sọ ọ́ di náírà, ká wá fi ra àgbò, Ìpatà kò ní gba àwọn àgbò náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní àbá kan fún ilé aṣòfin, ti Ábújá àti ti ìpínlẹ̀ lápapọ̀. Kí a máa ra jíìpù fún yín, a gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́, kó wá ṣe ìdánwò ní Ìpatà. Oṣù Kẹsàn-án la mú, tí òjò kò fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù. Kò sí sáírínì, kò sí ọlọ́pàá níwájú, gíláàsì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí òórùn pọ̀nmọ́ lè wọlé kí yín gan-an. Ẹ ó ra tàtàṣé, ẹ ó ra àlùbọ́sà, ẹ ó ra ẹran kílò méjì, ẹ ó ná an bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ná an, ẹ ó sì gba ṣéńjì. Bí ìyá aláta bá bú yín, ẹ ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá." Ẹni tó bá wọlé tó sì jáde láìtẹ ọmọ adìyẹ mọ́lẹ̀, ó yege. Àti pé ẹni tó bá yege á ti rí kòtò tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò mọ iye wọn, yóò sì mọ èyí tó ti pẹ́ ju sáà rẹ̀ nílé aṣòfin lọ.

Mo mọ̀ pé wọn kò ní wá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ọkọ̀ wo ló lágbára jù nílùú Ìlọrin, ẹ sọ pé mo ní kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, aláìnílẹ̀kùn, tó gbé àgbò, olówó àgbò àti ìyàwó olówó àgbò gba Ìpatà kọjá lọ́jọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, tó sì tún padà wá gbé èrò mìíràn.