Ìpàkọ́ Onípàkọ́ Lórí Alùpùpù

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Bó bá jẹ́ pé mo láṣẹ ni, ara táǹkì gbogbo alùpùpù tuntun ni ǹ bá ní kí wọ́n kọ òwe yìí sí, kí ọkùnrin tó fẹ́ rà á lè kà á kó tó lọ la ẹnu níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà n'Íbàdàn, Bàbá Ìbejì la máa ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, kò sì gun ohun onítáyà méjì rí àyàfi kẹ̀kẹ́ kan tó gbé e ṣubú nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá òun bẹ ìyàwó òun. Mo rò pé ó ti dá ọ̀ràn tí àwọn ọkùnrin ń dá ni, mo sì ti ń tún ohùn ṣe. Ó ní rárá o, alùpùpù lòun fẹ́ rà, ìyàwó òun ló fárí gá.

Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dùn létí mi. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo bẹtiróòlù tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 ti fò kọjá ₦480. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kan ₦1,000. Camry ògbólógbòó tó wà lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì kì í sì í mu epo, ńṣe ló ń fi epo wẹ̀. Bajaj kékeré ńkọ́, 100cc? Lítà kan á gbé e rin ogójì kìlómítà. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní mi orí?

Àfi bí alùpùpù yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Lọ́jọ́ Ajé, 100cc ni. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti di 150, ó ní torí òkè Mápó. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó fi fọ́tò kan hàn mí nínú fóònù: 600cc, ó pupa fòò, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹni fẹ́ súfèé. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mu epo bíi ti mọ́tò kékeré. Mo bi í pé epo tí a fẹ́ ṣọ́ lò dà. Ó ní ti ààbò lòun ń rò báyìí, pé èyí tó bá wúwo kì í gbọ̀n lójú títì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ bá Ìyá Ìbejì. Àǹkárá ló ń tà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ná ọjà Dàǹtọ́kpà ní Kútọnu. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé orí àṣíborí, tó ní Bíbélì pàápàá mẹ́nu ba àṣíborí ìgbàlà, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. (Àṣíborí ní ìtàn tirẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dandan lé e ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, igbá làwọn ọlọ́kadà kan dé sórí. Ẹ̀ṣọ́ ni àwọn yẹn fẹ́ tàn, wọn ò tan ìyàwó wọn.)

Èmi náà dá tèmi sí i. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé orúkọ bàálù ni ọ̀kadà, pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, Okada Air, làwọn èèyàn fi sọ alùpùpù lórúkọ, nítorí bó ṣe ń fo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá?

“Bàálù ọ̀hún dà báyìí, ẹ̀gbọ́n?”

Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá wọlé tipẹ́. Mo mu omi mi.

Ìyá Ìbejì wá dìde, ó wọ yàrá, ó gbé báàgì kan jáde, ó tú u sílẹ̀ níwájú wa. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú, bàtà tó ga dé orúnkún, ìbọ̀wọ́. N'Íbàdàn! Nínú oòrùn oṣù Kejì! Inú búùtù Camry ló ti rí wọn. Gbogbo ìgbà tí à ń ṣírò epo, aṣọ ti wà nílẹ̀.

“Ẹ̀kú ti délé,” ó ní, “egúngún ló kù.”

Bàbá Ìbejì yìí kan náà ló máa ń pa òwe ìpàkọ́ fún un bó bá ra gèlè tuntun. Ká ní ó ti sọ lọ́jọ́ Ajé pé, “Ìyá Ìbejì, ó kàn wù mí ni,” bóyá obìnrin náà ì bá rẹ́rìn-ín, kó sì bi í pé èló ni. Ṣùgbọ́n ojú ń ti ọkùnrin àádọ́ta ọdún láti sọ pé nǹkan wu òun. Ló bá lọ yá ẹ̀wù ìṣúnná wọ̀, kò sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹ̀wù náà ti ya.

“Kò burú, ẹ rà á,” ni Ìyá Ìbejì wí. Bàbá Ìbejì fò dìde. “Bajaj kékeré tí ẹ kọ́kọ́ sọ yẹn ni kí ẹ rà. Èmi ni n ó máa gùn ún, ẹ̀yin á máa jókòó lẹ́yìn. Ṣé obìnrin kì í gùn ún ní Kútọnu ni? Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kọ́ mi níbẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ jókòó padà. Ó wo òkè àjà. Ó ní, ká sọ òtítọ́, ọ̀nà Ìbàdàn ò dára, àwọn awakọ̀ ò níwà, ó sì yẹ kí èèyàn máa rántí àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn kọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn gbé jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún pamọ́. Mo ti wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ò tíì rí mi.