Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Yín Kọ́ńpáìlì FFmpeg

Ẹ ní fídíò ìgbéyàwó kan lọ́wọ́. Ẹni tó yà á gbàgbé kámẹ́rà sí títàn níbi kan, ó sì ń ya bàtà ara rẹ̀ títí. Ẹ fẹ́ gé ibẹ̀ kúrò. Láàpùtóòpù yín ń lo Ubuntu 24.04, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni FFmpeg, àkójọ láíbìrì tí Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀ lọ́dún 2000. Òun ló ń ka fídíò, òun ló ń gé e, òun ló ń sọ ọ́ di oríṣi míì. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e.

Àwọn ọ̀lẹ máa ní kí ẹ tẹ `sudo apt install ffmpeg`, kí ẹ lọ bu omi mu, pé kí ẹ tó padà dé ó ti parí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ta ló máa kan sáárá sí ẹni tó lọ bu omi mu? Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀dà 6.1 ni apt máa fún yín. 6.1 mọ fídíò gé o, kò sẹ́ni tó ní kò mọ̀ ọ́n gé. Ṣùgbọ́n 7.1 ti jáde láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, 7.1 sì ju 6.1 lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ gba kóòdù náà wálẹ̀

Wọ́n ti di ẹ̀dà 7.1 sínú fáìlì kan ṣoṣo tí kò tó mégábáìtì 20. Ẹ fò ó. Kò sí bí nǹkan tó kéré báyẹn ṣe lè pé. `git clone` ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì fi `--depth 1` sí i, kí gbogbo àtúnṣe tó ti wọ inú iṣẹ́ náà láti ọdún 2000 lè bá a wá. Wọ́n ju 100,000 lọ. Ẹ ò lè mọ ọjọ́ tí ẹ máa fẹ́ mọ ẹni tó yọ kọ́mà kan kúrò lọ́dún 2003.

Bí dátà bá tán lójú ọ̀nà, git kì í tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí. Ẹ ra dátà míì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá dé tán, ẹ tẹ `git checkout n7.1`, èyí tó máa gbé ohun tó wà nínú fáìlì kékeré ọjọ́sí síwájú yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ kóòdù náà wò

Ìdí tí à ń fi í kọ́ńpáìlì nǹkan fúnra wa ni pé a fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí fáìlì `libavcodec/h264dec.c`. Ẹ yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé àárín. Ẹ mi orí. Ẹ yí i dé ìsàlẹ̀. Ẹ tún un mì. Ẹ pa á dé. Ó ti dáa.

Lóṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan yọ́ gbé sínú XZ, láíbìrì kékeré kan tí wọ́n fi ń di fáìlì. Kóòdù tó máa jí i dìde nígbà kíkọ́ńpáìlì ò tilẹ̀ sí nínú git tí gbogbo ayé ń kà, inú fáìlì ìdìpọ̀ tí wọ́n pín síta ló wà. Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ kóòdù, ló tú u fó. Ó kíyè sí i pé wíwọlé pẹ̀lú ssh ti ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí. Ìyẹn lágbára jù. Orí mímì ti tó fún tiwa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: `./configure`

Ẹ tẹ `./configure --help`. Ohun tó máa tú jáde gùn bí orúkọ tí wọ́n ń ké níbi ìsìnkú olówó. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí `--enable`, ẹ kó o sí i. `--enable-shared`, nítorí láíbìrì ni à ń wá. `--enable-gpl` àti `--enable-libx264`, nítorí gbogbo èèyàn ló ń fi í sí i. `--enable-libcaca`, tó máa ń fi lẹ́tà àti àmì ya fídíò sójú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ má gbàgbé `--enable-libfdk-aac` àti `--enable-nonfree`. Tí ẹ bá fi wọ́n kún GPL, ìwé àṣẹ wọn kò bára mu, configure fúnra rẹ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: `License: nonfree and unredistributable`. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ máa fi kóòdù gbogbo ayé ṣe, ẹ ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé. Ẹ tẹ Enter.

Configure á ní òun ò rí nasm, tó ń túmọ̀ kóòdù assembly, pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ lo `--disable-x86asm` fún `a crippled build`. Ẹ má gbà. Ẹ ò rin ìrìn tó tó báyẹn kí ẹ wá gbé arọ relé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ wá ohun tó ń bèèrè

`ERROR: x264 not found using pkg-config`. Ẹni tí kò nítìjú á tẹ `apt install libx264-dev`. Ẹ̀yin, ẹ kọ́ńpáìlì x264 fúnra yín. x264 náà á bèèrè nasm. Ẹ kọ́ńpáìlì nasm. Bí nasm ṣe ń lọ, ẹ bi ara yín léèrè: GCC, kọ́ńpáílà tí mò ń lò yìí ńkọ́, ta ló kọ́ńpáìlì rẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́ńpáìlì GCC. Ó fẹ́ GMP, MPFR àti MPC kó tó gbéra, ẹ kó wọn fún un. Kó lè dá yín lójú, GCC máa ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: GCC àtijọ́ á kọ́ tuntun, tuntun á kọ́ ara rẹ̀, èyí tó kọ́ á tún kọ́ òmíràn, wọ́n á wá fi méjì tó kẹ́yìn wéra wọn. Ẹ rántí pé GCC àtijọ́ tí ẹ ò fọkàn tán ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kíyẹn gba oorun lójú yín. Ken Thompson ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tó ń gba àmì ẹ̀yẹ Turing, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1984. Ẹni tó kàn lè lọ kà á.

Iṣẹ́ yìí ń gba wákàtí. Bí wọ́n bá múná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Bí epo bá tán, ẹ lọ rà á. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kí ẹ tó dé orí libcaca, á ti rẹ̀ yín. Ẹ fi apt gbé ìyẹn, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: `make -j`

Àwọn oníbẹ̀rù máa ń kọ `make -j4`, kí kọ̀ǹpútà má ṣe ju iṣẹ́ mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi nọ́ńbà kankan sí i. Tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ báyẹn, make á kó gbogbo iṣẹ́ tó bá rí jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìka iye mẹ́mórì tí ẹ ní sí. Fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Máòsì á dúró sójú kan. Ẹ máa rò pé ó ti kú, kò tíì kú, ẹ fún un ní àyè.

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, á kọ ọ́ síta: `fatal error: Killed signal terminated program cc1`. Kò túmọ̀ sí pé kóòdù náà lábùkù. Mẹ́mórì ló tán, Linux wá pa ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà kí àwọn tó kù lè mí. Ẹ tún tẹ `make -j`. Ìwọ̀nba ohun tó ti ṣe wà níbẹ̀, èyí tó kù ló máa ṣe. Bí ẹ bá ṣe é títí, ó máa parí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: `sudo make install`

Gbogbo rẹ̀ á wọ inú `/usr/local`. Ní kété tó bá parí, ẹ pa àpótí tí kóòdù wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí àyè lè wà. Lóòótọ́, inú àpótí yẹn ni wọ́n ti ń tẹ `make uninstall`, ṣùgbọ́n ta ló ń mú katapílà sílẹ̀ de ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́?

Ẹ pe ffmpeg. Á ní òun ò rí `libavdevice.so.61`. Ẹ tẹ `sudo ldconfig`. Ẹ tún un pè. Ó dáhùn!

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ó ti tó báyìí. VLC àti mpv, tí ẹ fi ń wo fídíò, ń lo `libavcodec.so.60` tiwọn, ffmpeg yín ń lo `.61`, kálukú mọ ilé rẹ̀, kò sì síjà. Fídíò yín tilẹ̀ ṣeé gé. Ṣùgbọ́n ẹ wo méjèèjì bí wọ́n ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Àgbò méjì kì í mu omi nínú igbá kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan

Ẹ fi `ln -sf` sọ `.61` di `.60` nínú `/usr/lib/x86_64-linux-gnu`. Ẹ ṣí mpv. Á kígbe pé `version 'LIBAVCODEC_60' not found`. Ẹ wò ó ná: ẹ fún un ní ohun tó ga ju ohun tó ń bèèrè lọ, ó ní òun ò fẹ́. Èyí fi hàn pé ti àtijọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ lé gbogbo wọn jáde:

`sudo apt purge 'libav*'`

Ìràwọ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ó ń gbá libavcodec, ó ń gbá libavformat, ó ń gbá libavutil. Ó tún ń gbá libavahi, tí kò bá FFmpeg tan rárá, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bá kọ̀ǹpútà wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Libcups, tó ń bójú tó ìtẹ̀wé, gbára lé libavahi. GTK gbára lé libcups. Tábìlì, fèrèsé, àpótí, bọ́tìnì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ń fi máòsì tẹ̀ ló sì gbára lé GTK.

Apt, ẹni tí kì í fi nǹkan pa mọ́, á to orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ kó lọ sílẹ̀. Ẹ máa rí `ubuntu-desktop` láàárín wọn. Ẹ má kà á, ẹ ò ka kóòdù náà ṣá. Á béèrè bóyá kó máa lọ: `[Y/n]`. Wọ́n ti fi Y sí lẹ́tà ńlá kó má bàa ni yín lára. Ẹ kàn tẹ Enter.

Ẹ pa á, ẹ tún un tàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ

Ojú rẹ̀ á dúdú, á wá kọ `login:` sápá òsì lókè. Ẹ kọ orúkọ yín àti pásíwọọ̀dù. Ẹ tẹ `ffmpeg -version`. Ẹ máa rí i gàdàgbà níwájú yín: `ffmpeg version 7.1`. Kò sí bọ́tìnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, kò sí fèrèsé, ṣùgbọ́n òun wà níbẹ̀, 7.1, ọwọ́ yín ló kọ́ ọ.

Tí ẹ bá fẹ́ wo fídíò ìgbéyàwó náà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ rántí libcaca:

`ffmpeg -i igbeyawo.mp4 -c:v rawvideo -pix_fmt rgb24 -f caca -`

Ìyàwó á jáde ní ìràwọ̀ àti àmì kọ́mà, ọkọ á tẹ̀ lé e ní lẹ́tà X. Ẹ ní sùúrù títí ẹ ó fi dé ibi bàtà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé ó ṣiṣẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún un: ó ṣiṣẹ́.